Àwọn Tí A Pè Ní Ọmọdé ní Atakpamé

Àwọn Ifẹ̀ tí ń gbé Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, àwọn tí ará ẹ̀yìn odi sábà máa ń pè ní Àná, kò fi orírun wọn ṣeré rárá: bí a bá bi àgbàlagbà kan ní àdúgbò Djama tàbí Gnagna pé níbo ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣí wá, ìhà ìlà-oòrùn ni yóò nawọ́ sí, yóò sì dárúkọ Ilé-Ifẹ̀, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wáyé, láìka iye odò àti aginjù tí ó wà láàárín sí. Orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè ni ìlú náà wà, ní nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń gba àlejò mọ́ra, Ewe láti gúúsù, Fọ̀n láti ìlà-oòrùn, Akposso láti orí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn, títí tí ó fi di pé ọmọ tí ń kiri ọjà níbẹ̀ lè gbọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn àgbà wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ tí ó bá sì ti ru ẹrù rẹ̀ jìnnà tó báyìí, ó yẹ kí a gbà pé ó ru òwe náà mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú nínú òwe yẹn ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìtàn ìlú yìí. Ta ni à ń pè ní ọmọdé, ta sì ni ó ní àṣẹ láti pè é bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè náà lè dà bí èyí tí kò ní láárí lójú ẹni tí ó ní ìwé ìbí nínú àpótí, ṣùgbọ́n ní Atakpamé, láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ó di ìbéèrè tí a ń fi ẹ̀gba, owó orí àti òfin àgbáyé dáhùn.

Kí ìwé tó dé, ọdún iṣu ni ọdún. Àjọ̀dún tí àwọn Ifẹ̀ Atakpamé ń ṣe ní oṣù kẹjọ títí di òní, Odon-Itsu ni a ń kọ orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ̀ pé Ọdún Iṣu ni, nítorí pé níbi tí àwa ti ń pe ṣ ni ahọ́n tiwọn ti ń pe ts. Ní gbogbo ilẹ̀ tí iṣu ti jẹ́ ọba oúnjẹ, iye iṣu tuntun tí ọmọ ti bá nílé ni ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ sì lè ṣe lóko ni ẹ̀rí rẹ̀. Èyí tí a pọ̀n lọ sóko, ọmọ ọwọ́ ni. Èyí tí ó lè gbé akèrègbè omi tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́, tí ó sì lè lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́bàá abà, ti di ọmọdé tí a ń rán níṣẹ́. Èyí tí ó lè ru èbù láti abà dé ojú oko láìjẹ́ kí ẹnu èbù gbọgbẹ́, tí ó sì mọ apá tí ó yẹ kí ó kọjú sókè nígbà tí a bá ń rì í, ìpẹ́ẹ̀rẹ̀ ni, ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá kọ ebè tirẹ̀ láàárọ̀, tí baba rẹ̀ sì rìn gba ẹ̀gbẹ́ ebè náà kọjá láìbẹ̀rẹ̀ láti tún un kọ, tí kò sì sọ nǹkan kan, ọjọ́ náà ni gbogbo oko mọ̀ pé géńdé kan ti kún wọn. Ẹlòmíràn dé ibẹ̀ kí ó tó jẹ iṣu tuntun ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹlòmíràn jẹ ẹ́ nígbà ogún, ebè rẹ̀ ṣì ń wó.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í fìdí kalẹ̀ sí ojú kan. Ọkùnrin tí ó ti bí ọmọ mẹ́fà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú, bí ó bá dé iwájú ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, “Ọmọdé ni mo jẹ́ lójú yín, bàbá, ẹ wí, mò ń gbọ́,” kò sì purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ta iyì ara rẹ̀ nù. Bí ó bá padà sílé, tí ó sì tìtorí ẹran inú ọbẹ̀ bá ìyàwó rẹ̀ jà, ìyá rẹ̀ lè ti inú yàrá dáhùn pé, “Ìwà èwe yìí kò tíì tán lára rẹ?” ọ̀rọ̀ yẹn yóò sì dùn ún ju èébú lọ, nítorí pé ẹni tí ó sọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí àjèjì kan ní ọjà wí fún ọkùnrin kan náà pé, “Ọmọdé ni ọ́ jàre,” ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Àṣírí ìlò ọ̀rọ̀ náà nìyí, bí èmi ti yé e sí: ẹni tí ó bá pè ọ́ ní ọmọdé ti jẹ ọ́ ní gbèsè oúnjẹ, aṣọ, ẹ̀kọ́ àti ààbò, bí ọmọdé bá sì mọ ọwọ́ wẹ̀, ó di dandan fún ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀ láti jẹ́ kí ó bá òun jẹun. Ẹni tí kò ní san gbèsè yẹn kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu.

Eré kan wà níbẹ̀ tí ó dojú ọ̀rọ̀ yìí dé lọ́nà tí ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tchébé ni wọ́n ń pè é: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni yóò so igi gíga mọ́ ẹsẹ̀, igi tí gíga rẹ̀ lè tó mítà 4 tàbí 5, wọn yóò sì máa fi jó láàárín agbo, wọn yóò máa yí, wọn yóò máa fi ẹsẹ̀ kan dúró, tí àwọn onílù yóò sì máa tẹ̀ lé wọn nísàlẹ̀. Kò sí ibòmíràn ní ìlú náà tí àgbà ti ń gbójú sókè kí ó tó rí ojú ọmọdé. Nígbà tí eré bá parí, tí a bá sì tú okùn, onítọ̀hún yóò sọ̀kalẹ̀, yóò sì kúnlẹ̀ kí àwọn tí ó ń wò láti òkè ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn.

Ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà ogun kì í pẹ́ kọ́ pé àjèjì náà mọ ọjọ́ orí kà. Ní 1764, nítòsí Atakpamé ni ọmọ ogun Àṣáńtì ti kó sínú ibùba àwọn Dànhòmè, tí ọmọ ogun Ọ̀yọ́ sì wà lẹ́yìn Dànhòmè. Ìṣẹ́gun náà burú débi pé kò pẹ́ tí ìtẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ Kusi Obodom ní Kumasi. Ogun ńláńlá bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìtàn máa ń rántí, ṣùgbọ́n àwọn akónilẹ́rú tí ń wá lẹ́yìn ogun ni wọ́n ń wo eyín, tí wọ́n ń tẹ apá, tí wọ́n ń yẹ àyà wò, tí wọ́n sì ń fi owó ẹyọ dá ẹni tí ó jẹ́ màjèṣín mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ti tó géńdé. Lọ́wọ́ wọn ni a ti kọ́kọ́ rí ọjọ́ orí tí kò ní gbèsè kankan nínú.

Àwọn Jámánì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní etíkun ní 1884, wọ́n sì gòkè wá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, Geo A. Schmidt ni ọ̀gá ibùdó ìjọba ní Atakpamé, àwọn àlùfáà Àgùdà ti ẹgbẹ́ SVD, àwọn tí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Tógò ní 1892, sì ní ilé ìjọsìn àti ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú kan náà. Òyìnbó méjì kì í pẹ́ gbé inú ìlú kékeré kan kí wọ́n tó mọ àṣírí ara wọn. Àwọn àlùfáà fẹ̀sùn kan Schmidt pé ó ń fìyà jẹ àwọn ènìyàn, wọ́n sì ní ó fi ipá bá ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Adjaro lò pọ̀. Ní 1903 ọ̀rọ̀ náà dojú rú pátápátá: àwọn àlùfáà ni a tì mọ́lé, ọ̀gá ibùdó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn náà láìjẹ̀bi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù December 1906, Hermann Roeren, aṣòfin ẹgbẹ́ Zentrum, gbé ọ̀rọ̀ Atakpamé dé ilé aṣòfin ní Berlin, ó sì fà á mọ́ Bernhard Dernburg tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ amúnisìn, tí àwọn ìwé ìròyìn Jámánì fi ń kọ orúkọ ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wọn kò lè tọ́ka sí lórí àwòrán ayé. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà a tú ilé aṣòfin ká, nítorí owó ogun ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ariwo ìdìbò sì bo ariwo Adjaro mọ́lẹ̀. Ó di 2016 kí Rebekka Habermas, òpìtàn ará Jámánì, tó fi odindi ìwé kan tú ọ̀rọ̀ náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́.

Mo fẹ́ kí a dúró níbi ẹjọ́ yìí díẹ̀. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti Jámánì ìgbà náà, ọdún 14 ni ààlà tí a pa yí ọmọdé ká nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé e, ọmọdé ni, ẹni tí ó bá ti kọjá rẹ̀, ìjà mìíràn ni òfin yóò tún jà. Wàyí o, ìlú tí ó ń fi iṣu tuntun ka ọdún, tí kò sì kọ ọ̀kankan sílẹ̀, ta ni yóò dìde níwájú adájọ́ òyìnbó kí ó búra pé ọdún báyìí gan-an ni ọmọ náà? Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin náà sọ gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá kí ó tó bọ́ sínú ìwé, inú ìwé náà sì jẹ́ ibi tí kò lè dé. Bí a bá ti bi ìyá kan ní Gnagna léèrè, kò ní wá inú òfin lọ. Yóò ní ọmọ tí ó ṣì ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò ní àyè nínú ìwé tiwọn.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìjọba kan náà kò ní ìṣòro kankan láti mọ ẹni tí ó dàgbà nígbà tí ó bá ń wá òṣìṣẹ́. Ọkùnrin tí a bá kà sí àgbà ní láti fi ọjọ́ 12 lọ́dún ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìjọba, tàbí kí ó san máàkì 6 dípò rẹ̀, kò sì sí ìwé ìbí tí a béèrè: ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí èjìká rẹ̀ bá tètè fẹ̀ ti dàgbà nìyẹn. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó la ọ̀nà, ọwọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ru ilẹ̀ àti òkúta fún ojú irin tí ó ti Lomé wá, tí ó dé Agbonou ní ìsàlẹ̀ Atakpamé ní 1911. Òwú náà ní ìpín tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee tí wọ́n ti Amẹ́ríkà wá ní 1901 láti kọ́ àwọn ará Tógò ní oko òwú, bí ẹni pé àwọn ènìyàn yìí kò ti ń gbin òwú, tí wọn kò sì ti ń ran án, kí baba ńlá Jámánì kankan tó mọ ibi tí Tógò wà, ni wọ́n fìdí ilé-ẹ̀kọ́ òwú múlẹ̀ ní Notsé ní 1904 lábẹ́ John W. Robinson, a sì pàṣẹ fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan pé kí ó mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá láti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Odò Mono gbé Robinson lọ ní 1909. Àwọn ọ̀dọ́ tí a yàn fún un, àgbà ni wọ́n nígbà tí a bá fún wọn ní ọkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n nígbà tí a bá béèrè pé kí ni owó ọ̀yà wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan wà tí ó gba ẹnu òyìnbó dé ẹnu gbogbo wa: bọ́ì. Jámánì lò ó, Faransé jogún rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín. Ọkùnrin tí ó ní ìyàwó méjì nílé, tí a fi joyè nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń kí i ní ìkúnlẹ̀ láàárọ̀, bí ó bá ti wọ aṣọ funfun tí ó sì gbé àwo oúnjẹ wọlé fún ọ̀gá tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbúrò rẹ̀ ìkẹyìn lọ, bọ́ì ni. Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ 12. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù di àgbà nítorí ojú ọ̀nà. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun di ọmọdé nítorí tábìlì. Ìtumọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn lójú ẹni tí ó ń lò wọ́n, nítorí pé èrè ni ó ń tẹ̀ lé nínú méjèèjì. Nígbà tí ẹnìkan bá sì béèrè ìdí tí ẹ̀gba fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Tógò, níbi tí nọ́ńbà 25 ti di orúkọ ìyà lẹ́nu àwọn ènìyàn, èsì tí ó wà nílẹ̀ ni pé ọmọ ńlá ni aláwọ̀ dúdú, pàṣán ni a sì fi ń tọ́ ọmọ. Wọ́n gbé ẹ̀tọ́ baba, wọ́n fi oúnjẹ baba sílẹ̀.

Ní Kamina, lẹ́yìn ìlú gan-an, ilé-iṣẹ́ Telefunken kọ́ ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì tí ó lè bá Nauen ní ìtòsí Berlin sọ̀rọ̀. Bí ogun àgbáyé ṣe bẹ́ sílẹ̀, òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1914 ni àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó o lulẹ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n túúbá. Ogun Tógò kò tó oṣù kan.

Faransé ni Atakpamé bọ́ sí lọ́wọ́, níbẹ̀ sì ni ìtàn náà ti gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ìwé àdéhùn tí a kọ ní Versailles ní 1919 sọ pé àwọn ènìyàn kan wà láyé tí wọn kò tíì lè fi ẹsẹ̀ ara wọn dúró nínú ayé òde òní, àti pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti dàgbà jẹ́ alágbàtọ́ fún wọn. Ní 1922 Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, tí ó fìdí sí Geneva, fi Tógò lé alágbàtọ́ lọ́wọ́ ní tòótọ́. Nígbà tí Ìmùlẹ̀ náà túká, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún un ṣe ní 1946, ó sì pè é ní ìlú abẹ́ ìtọ́jú, tutelle lẹ́nu Faransé, ọ̀rọ̀ kan náà tí adájọ́ wọn ń lò fún ọmọ òrukàn tí kò tíì tó ọjọ́ orí láti gba ogún baba rẹ̀. Báyìí ni odindi ìlú, àti ẹlẹ́wù etù àti alákìísà, àti babaláwo àti ọba, ṣe di màjèṣín lórí ìwé ní Geneva. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà Ifẹ̀ kún inú àpótí, ṣùgbọ́n àpótí náà kò sí lára ohun tí àwọn aṣojú àgbáyé yẹ̀ wò.

Alágbàtọ́ náà sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tọ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Faransé ń pè ní prestation jẹ́ ọjọ́ 4 lọ́dún, owó orí sì tún wà lọ́tọ̀. Kí owó orí tó lè wọlé, ọjọ́ orí ní láti wà nínú ìwé, ìdí nìyẹn tí àwọn akọ̀wé fi ń ti ilé dé ilé, tí wọ́n ń wo ojú, tí wọ́n sì ń kọ né vers, ìyẹn ni pé a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Ọ̀rọ̀ kúkurú méjì yẹn wà lára ìwé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ náà títí di ìgbà tiwa. Nǹkan bí yìí, ojú akọ̀wé ló dá a, bí ó bá sì fẹ́ràn ìdílé náà, tàbí tí adìẹ kan bá gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí i lọ́wọ́, ọmọkùnrin lè kéré sí i ní ọdún mẹ́ta lójú kan náà.

Ní 1951 ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú CUT ti Sylvanus Olympio dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Juvento, tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ́ gan-an ni wọ́n fi ṣe orúkọ rẹ̀. Anani Santos tí ó jẹ́ lọ́yà wà lára àwọn olórí rẹ̀. Ó wù mí púpọ̀ pé wọn kò sá fún ọ̀rọ̀ náà. Ayé ti pè wọ́n ní ẹni tí kò tíì dàgbà fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì gba èwe náà, wọ́n fi ṣe àsíá, wọ́n ń fi ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ alágbàtọ́ ní New York lemọ́lemọ́, bí ọmọ tí ń lọ fẹjọ́ alágbàtọ́ sùn lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tí ó fà á lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1958, lójú àwọn aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìdìbò wáyé, ẹgbẹ́ Olympio àti Juvento sì borí. Nígbà tí ọdún méjì géérégé pé, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1960, ìwé alágbàtọ́ náà di àkísà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìdìbò náà tí Juvento àti Olympio fi yapa. Ẹni tí ó ti kọ ebè tirẹ̀ tán kì í fẹ́ kí a tún máa bá òun pa á láṣẹ.

Ìjọba òmìnira náà ní òǹkà tirẹ̀. Òfin ìdílé ti 1980 ní kí ọkùnrin pé ogún ọdún kí ó tó gbéyàwó, kí obìnrin sì pé ọdún 17. Àtúnṣe 2012 mú àwọn méjèèjì dọ́gba ní 18, òfin ọmọdé ti 2007 sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé 18, ọmọdé ni. Mo gbà pé òǹkà náà dára, pàápàá fún àwọn ọmọbìnrin, nítorí pé bí ààlà bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìbí tí ó péye, ẹjọ́ Adjaro ì bá ti gba ibòmíràn lọ. Àmọ́ òǹkà láìsí ìwé kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò ní ìwé ìbí ní láti lọ sí ilé-ẹjọ́ fún ìwé tí wọ́n ń pè ní jugement supplétif, kí ó tó lè jókòó sí ìdánwò tàbí kí ó gba káàdì. Ẹlẹ́rìí ni yóò mú wá, àgbà kan láti àdúgbò, ẹni tí yóò dúró níwájú adájọ́, tí yóò sì sọ pé ọmọ yìí ni ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ nígbà tí a ń ta iṣu lọ́pọ̀ lọ́jà Anié, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ kú, pé ó ti ń ru èbù kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì. Akọ̀wé kò lè kọ gbogbo èyí. Ọdún kan ni yóò kọ, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì mọ ọjọ́, 31 December ni yóò fi sí i, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tí a bí ní ọjọ́ yẹn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà tí àlejò lè rò pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ máa ń dúró de òpin ọdún. Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́rìí yóò tẹ ìka sí ìsàlẹ̀ ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tirẹ̀ tí akọ̀wé ti kọ né vers 1940 sí.